Ìwé Tí Ó Ti Ọ̀yọ́ Lọ sí Èkó: Bí Àwọn Àlùfáà Ti Bẹ̀bẹ̀ fún Àlàáfíà ní Ìgbà Ogun Kírìjì

Kò sí ìtàn ogun kan nínú ìtàn ilẹ̀ wa tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fẹ́ràn láti gbọ́ tó ìtàn Ogun Kírìjì. Bí olùkọ́ bá ti dárúkọ Látóòsà, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò ti Ìbàdàn, àti Ògèdèǹgbé, akọni Ìjẹ̀ṣà, gbogbo kíláàsì a dákẹ́ rọ́rọ́; bí ó bá sì wí fún wọn pé ìró ìbọn ńlá tí ń dún láàrín àwọn òkè ni a fi sọ ogun náà ní Kírìjì, àwọn ọmọdé a bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹnu dún bí ìbọn. Èmi pẹ̀lú ti kọ́ wọn báyìí fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kékeré kan tí ó jókòó ní ẹ̀yìn nawọ́ sókè, ó sì bi mí pé, "Tíṣà, ta ni ó ní kí wọ́n dá ọwọ́ ìjà dúró?" Mo dá a lóhùn kíákíá pé, "Òyìnbó ni." Ó jókòó, ẹ̀kọ́ sì ń bá a lọ.

Nígbà tí mo dé ilé ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìdáhùn mi kò tẹ́ mi lọ́rùn. Òtítọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n ó dàbí òtítọ́ ẹni tí ó ní òjò ni ó mú iṣu ta, tí kò ka ọwọ́ àgbẹ̀ tí ó kọ ebè sí rárá. Kí òyìnbó tó dé ibùdó ogun náà, a ti kọ ìwé, a ti rin ìrìn, a ti bẹ̀bẹ̀, a sì ti gbọ́ èébú. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa, àwọn àlùfáà tí wọ́n ti jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé bí àwa yìí rí, ni wọ́n ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ohun tí mo ń kọ sí ìhín yìí ni ìdáhùn tí ó yẹ kí n ti fún ọmọ náà.

BÍ ILẸ̀ TI ṢE GBÓNÁ

Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé ti tú, Ìbàdàn ni ó di odi fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Yorùbá. Àwọn ni wọ́n dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, oore náà kò sì ṣe é gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó gba ni là lọ́wọ́ ọ̀tá lè di ọwọ́ tí ó tẹ ni mọ́lẹ̀. Bí agbára Ìbàdàn ti ń pọ̀ sí i, wọ́n ń fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Ìjẹ̀ṣà àti ti Èkìtì, àwọn ajẹ́lẹ̀ náà pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn sì ń jẹ ìlú run. Wọ́n ń gba ẹran, wọ́n ń gba iṣu, wọ́n ń gba ọmọ, nígbà mìíràn wọn a sì gba aya onílé lójú rẹ̀.

Ní ọdún 1877, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrín Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá nítorí ìbọn àti ẹ̀tù tí Ààrẹ Látóòsà rán ènìyàn lọ rà ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n sì gbé gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá. Ní ọdún kejì rẹ̀, èyíinì ni 1878, Fábùnmi, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, kò lè fara da ìwà àwọn ènìyàn ajẹ́lẹ̀ mọ́. Ó yọ idà sí wọn. Iná náà ràn láti ìlú dé ìlú. A ń pa àwọn ajẹ́lẹ̀, a sì ń lé àwọn tí ó kù. Ìjẹ̀ṣà àti àwọn ọba Èkìtì pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n sì pe ẹgbẹ́ wọn ní Èkìtìparapọ̀. Ìlọrin dara pọ̀ mọ́ wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn ní ẹ̀bá Ìkìrun, nínú ìjà tí a ń pè ní Jálumi. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun náà kò parí ogun. Àwọn ọmọ ogun méjèèjì wá tẹ̀dó kọjú sí ara wọn láàrín àwọn òkè tí ó wà ní ìhà Ìgbàjọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n gbìn oko, wọ́n bí ọmọ síbẹ̀. Ibùdó ogun di ìlú.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀ràn náà ti díjú tó. Ìbàdàn ń bá Èkìtìparapọ̀ jà ní Kírìjì. Ó ń ran Ọ̀fà lọ́wọ́ sí Ìlọrin. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà òkun mọ́ ọn, tí iyọ̀ àti ẹ̀tù fi wọ́n. Nígbà tí ó sì ṣe, Ifẹ̀ àti Mọ́dákẹ́kẹ́ tún gbé ìjà tiwọn kalẹ̀. Iwájú ogun márùn-ún ni Ìbàdàn ní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, àwọn ará Dàhòmì ń kọlu ilẹ̀ Yorùbá, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn tí ó yẹ kí ó gba ara wọn là ń bá ara wọn jà. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n ti Sàró padà wá sí Èkó, tí wọ́n ti di oníṣòwò, sì ń fi ìbọn titun ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé wọn, ìbọn tí a ń ki láti ìdí, tí ó ń yára ju ṣakabùlà lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè dá wọn lẹ́bi pé wọ́n ran ará ilé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a: Èkó tí a ó lọ bẹ̀ fún àlàáfíà ni Èkó kan náà tí ìbọn ti ń wá.

TA NI YÓÒ LÀ WỌ́N?

Nígbà tí ọmọ ìyá méjì bá ń jà, ẹni tí ó dàgbà nínú ilé ni ó yẹ kí ó là wọ́n. Ta ni àgbà ilé nígbà náà? Aláàfin Adéyẹmí wà lórí ìtẹ́ ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 1876, gbogbo wọn sì ń fi ẹnu bọlá fún un. Ṣùgbọ́n Aláàfin kò ní ogun tí ó lè fi mú ẹnikẹ́ni gbọ́ràn, bẹ́ẹ̀ ni Ìbàdàn sì ń fura sí i pé ó ń fi ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ gbé lẹ́yìn àwọn ọ̀tá wọn, nítorí kò dùn mọ́ ọn pé ìránṣẹ́ ti lágbára ju ọ̀gá lọ. Ọọ̀ni kò lè là á, nítorí Ifẹ̀ pẹ̀lú wà nínú ìjà. Awùjalẹ̀ kò lè là á, nítorí Ìjẹ̀bú ni ó ti ọ̀nà. Ẹ̀gbá kò lè là á. Ìlọrin kò lè là á. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó láti di ọwọ́ àwọn méjèèjì mú. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọkàn àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí yí sí ẹni tí ó wà lẹ́yìn ilé.

ỌKÙNRIN TÍ Ó MÚ KÁLÁMÙ

Ní Ọ̀yọ́ ní àkókò yìí, àlùfáà kan wà tí a ń pè ní Samuel Johnson. A bí i ní ilẹ̀ Sàró ní ọdún 1846, nínú ìdílé Yorùbá tí ogun ti fọ́n ká, ìran Aláàfin Abíọ́dún sì ni. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú un wá sí Ìbàdàn láti bá Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì David Hinderer ṣiṣẹ́ Ìjọ C.M.S. Níbẹ̀ ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìbẹ̀rẹ̀ Ogun Ìjàyè, pẹ̀lú ebi àti ìpọ́njú tí ó bá a wá. Wọ́n kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, ó sì padà sí Ìbàdàn láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Lẹ́yìn náà ó di kátíkíìsì. Ní ọdún 1880 a fi í jẹ díákónì, a sì rán an lọ sí Ọ̀yọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní A, B, D, ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe jagunjagun, kì í ṣe ọmọ ọba tí ó ní ìtẹ́, kì í sì í ṣe ọlọ́rọ̀. Olùkọ́ ilé-ìwé ni. Ohun méjì péré ni ó ní tí àwọn ẹlòmíràn kò ní pọ̀: ó mọ ìwé kọ, àwọn ènìyàn sì mọ̀ pé òun kì í tú àṣírí. Ní ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń fura sí gbogbo ènìyàn, èkejì níye lórí ju ti ìṣáájú lọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1881, Aláàfin ránṣẹ́ pè é. Ọba náà fẹ́ kọ ìwé sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, kí wọ́n bá òun gbé ọwọ́ ogun sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Johnson ni ó kọ ìwé náà sílẹ̀ fún un, òun náà ni a sì fi rán. Ẹ rò ó wò bí ọ̀nà ti rí ní ìgbà náà: ọ̀nà tí a ti dí, oníbodè tí ń yẹ ẹrù wò, ọmọ ogun tí ń kó ènìyàn lẹ́rú ní ojú ọ̀nà. Ìwé kan ṣoṣo nínú àpò ọkùnrin kan, tí ó ru ẹ̀bẹ̀ ilẹ̀ kan lọ bá ilẹ̀ mìíràn.

ỌDÚN MÁRÙN-ÚN TÍ A FI DÚRÓ DE ÌDÁHÙN

Ẹni tí ó bá rò pé ìwé dé Èkó ní òní, tí ogun sì parí ní ọ̀la, kò mọ bí ayé ti ń lọ. Ní ìgbà náà, a so Èkó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Gold Coast lábẹ́ Gómìnà kan náà, Sir Samuel Rowe. Àwọn ìránṣẹ́ ọba àti ìjòyè wá sí Èkó, a sọ̀rọ̀ títí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn aláṣẹ ní Lọ́ńdọ́nù kò yá láti ti ẹsẹ̀ bọ inú ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Wọ́n ń bẹ̀rù ìnáwó, wọ́n sì ń bẹ̀rù ogun tí kò ní òpin. Ọ̀ràn náà dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Kírìjì, ìbọn kò dákẹ́.

Nígbà tí ìjọba fà sẹ́yìn, Ìjọ kò fà sẹ́yìn. Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì J. B. Wood, òyìnbó C.M.S. tí ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa, lọ sí àwọn ibùdó ogun ní ọdún 1884, ó sì tún padà lọ ní ọdún 1885. Ó bá Látóòsà sọ̀rọ̀ ní ìhà kan, ó bá Ògèdèǹgbé àti àwọn ìjòyè Èkìtìparapọ̀ sọ̀rọ̀ ní ìhà kejì. Gbogbo wọn ni ó ní àwọn fẹ́ àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ ká ẹní rẹ̀? Bí Ìbàdàn bá ṣí kúrò lákọ̀ọ́kọ́, wọn ó ní ó sá. Bí Èkìtìparapọ̀ bá ṣí, wọ́n ń bẹ̀rù pé ajẹ́lẹ̀ yóò padà wá ní ọjọ́ kejì. Ojú méjì ń wo ara wọn, kò sí èyí tí ó fẹ́ ṣẹ́jú ṣáájú èkejì. Wood padà láì rí ohun tí ó lọ wá.

Ǹjẹ́ asán ni ìrìn rẹ̀? Rárá o. Ó fi hàn pé ẹnìkan lè wọ ibùdó méjèèjì, kí ó sì jáde láàyè. Ó tún mú kí àwọn ìjòyè sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ gan-an jáde ní ẹnu, dípò kí wọ́n máa fi ìbọn sọ ọ́. Ẹni tí ó bá ti la ipa ọ̀nà sínú igbó ti ṣe iṣẹ́, bí kò tilẹ̀ tíì dé oko.

Ní ọdún 1885 kan náà, Ààrẹ Látóòsà kú ní ibùdó, láì tún fi ojú kan ilé rẹ̀. Ní ọdún kan náà, àpérò àwọn ìjọba Yúróòpù ní Berlin parí, níbi tí wọ́n ti jókòó sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà láì pe ọmọ Áfíríkà kan. Láti ìgbà náà lọ, Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ̀rù pé Faransé tàbí Jámánì yóò ṣáájú òun dé ẹ̀yìn Èkó. Òwò Èkó sì ń ṣòfò nítorí ọ̀nà tí a dí. Ní oṣù kìíní ọdún 1886, a ya Èkó kúrò lára Gold Coast, Alfred Moloney sì di Gómìnà rẹ̀. Nígbà yìí ni a wá rántí ìwé ọdún 1881. Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ yìí fún àwọn ọmọ wa láì fi bò: kì í ṣe àánú nìkan ni ó ṣí ilẹ̀kùn tí ẹ̀bẹ̀ ti ń kàn láti ọdún márùn-ún wá.

ÀLÙFÁÀ MÉJÌ, IBÙDÓ MÉJÌ

Moloney kò kọ́kọ́ rán ọmọ ogun. Àlùfáà méjì ni ó rán, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Èkíní ni Samuel Johnson, tí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn mọ̀ bí ẹni mọ owó. Èkejì ni Charles Phillips, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ Ọlọ́run ní Oǹdó láti ọdún 1877, tí àwọn ìlú ìhà ìlà-oòrùn sì gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú ìyàn náà. Bí a bá rán Johnson nìkan, Èkìtìparapọ̀ ìbá wí pé ènìyàn Aláàfin ni. Bí a bá rán Phillips nìkan, Ìbàdàn ìbá wí pé ó ti ilé ọ̀tá wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn méjèèjì jùmọ̀ jẹ́ iṣẹ́ kan náà, tí ọ̀rọ̀ tí a sọ ní òkè kìíní bá ọ̀rọ̀ tí a sọ ní òkè kejì mu, ìfura bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀.

Àwọn baba wa ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, kí a fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ láàrín àwọn tí inú ń bí ní láti mọ ọ̀rọ̀ tí yóò gbé kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Johnson àti Phillips kò yí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni padà, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ èdè, wọ́n mọ àṣà, wọ́n mọ ẹni tí a ń dọ̀bálẹ̀ fún àti ẹni tí a ń ṣe sùúrù fún. Wọ́n lọ láti ọ̀dọ̀ ọba kan dé ọ̀dọ̀ ọba kejì, láti ibùdó dé ibùdó, títí àwọn aláṣẹ fi gbà láti rán aṣojú lọ sí Èkó. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1886, a fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Èkó.

Díẹ̀ nínú ohun tí ó wà nínú àdéhùn náà nìyí. Àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà di òmìnira. Ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn kò ní padà sí ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Aláàfin àti Ọwá Iléṣà yóò máa bá ara wọn gbé bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àtijọ́. Ìlú mẹ́rin, Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì, Àdá àti Ìgbàjọ, yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ gbé ibẹ̀ lè kó jáde lọ bá Èkìtìparapọ̀. Àwọn ará Mọ́dákẹ́kẹ́ yóò kúrò lórí ilẹ̀ Ifẹ̀ lọ sí ilẹ̀ tí ó wà láàrín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Bí ìjà mìíràn bá sì ṣẹ̀ láàrín wọn, Gómìnà Èkó ni wọn yóò gbé e lọ bá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yẹn. Òfin òyìnbó kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti inú ilé Yorùbá ni a ti mú un wá. Ó fi ọlá fún Ọ̀yọ́ láì fi Iléṣà ṣe ẹrú. Ó jẹ́ kí ẹni tí ó ṣẹ́gun àti ẹni tí a kò lè ṣẹ́gun jókòó lórí ẹní kan náà. Láìsí àwọn tí wọ́n mọ èdè àti ìwà wa nínú ìlàjà náà, n kò rò pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ìbá wọ inú ìwé.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba rán Henry Higgins àti Oliver Smith pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Háúsá díẹ̀ wá sí Kírìjì. A ka àdéhùn sí etí àwọn ìjòyè ìhà méjèèjì, wọ́n sì gbà á. Ọmọ ogun ìhà kìíní àti ti ìhà kejì kó ẹrù wọn, obìnrin gbé ọmọ pọ̀n, a sì ti iná bọ àwọn ibùdó náà. Ẹ fojú inú wo àwọn ọmọ tí a bí sí ibùdó, tí wọn kò mọ ilé mìíràn rí. Iná ilé wọn ni wọ́n ń wò. A sì wí fún wọn pé àlàáfíà ni à ń pè bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ ÀDÉHÙN KÒ PARÍ

Èmi kì yóò tan yín, ẹ̀yin ọmọ. Àdéhùn ọdún 1886 parí ogun ní Kírìjì, ṣùgbọ́n kò parí gbogbo ogun. Ìlọrin kò dá ọwọ́ dúró lára Ọ̀fà. Ní ọdún 1887 Ọ̀fà ṣubú. Ìbàdàn àti Ìlọrin kọjú sí ara wọn ní ìhà Ìkìrun fún ọdún púpọ̀ sí i. Mọ́dákẹ́kẹ́ kò ṣí kúrò bí a ti kọ ọ́ sínú ìwé, ìjà òun àti Ifẹ̀ sì tún bẹ́ sílẹ̀ ní ìgbà àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ wọn. Ní ọdún 1893 ni Gómìnà Carter tó tú àwọn ọmọ ogun tí ó kù ká. Nítorí náà ni a fi ń pe gbogbo rẹ̀ ní ogun ọdún mẹ́rìndínlógún, láti 1877 dé 1893.

Ṣùgbọ́n Carter kò wá bí Johnson àti Phillips ti wá. Ní ọdún 1892, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Ní ọdún 1893, Carter mú ìwé àdéhùn kiri, Ẹ̀gbá àti Ọ̀yọ́ fi ọwọ́ sí i, Ìbàdàn sì fi ọwọ́ sí tirẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Ní ọdún 1895, Captain Bower yin ìbọn ńlá lu ìlú Ọ̀yọ́, ìlú tí ìwé ẹ̀bẹ̀ ti jáde, nígbà ayé Aláàfin Adéyẹmí kan náà tí ó fi ìwé náà ránṣẹ́. Ẹni tí a pè wá láti là wá níjà ti jókòó sí àga onílé.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Nígbà tí mo sọ gbogbo ìtàn yìí fún kíláàsì mi ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ọmọ kan náà tún nawọ́. Ó ní, "Tíṣà, ṣé àwọn àlùfáà yẹn ni wọ́n ta ilẹ̀ wa?" Ìbéèrè yìí kò ṣe é fi ọ̀rọ̀ kan dáhùn, n kò sì fẹ́ kí olùkọ́ kankan fi pàṣán dáhùn rẹ̀.

Èyí ni mo wí fún un. Èkíní, Johnson kò fi ohun tí ó ń fẹ́ pamọ́: ó fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì bá wa dá ogun dúró, ó sì gbàgbọ́ pé rere ni yóò ti ibẹ̀ jáde. A lè sọ pé ó gbẹ́kẹ̀ lé wọn jù. Ìlà kan ṣoṣo nínú àdéhùn, èyí tí ó ní kí a máa gbé gbogbo ìjà lọ bá Gómìnà, dàbí ihò kékeré lára ògiri. Ihò náà ni alángbá gbà wọlé. Bí mo bá wà níbẹ̀, mo ní ìrètí pé ǹ bá ti bi wọ́n pé, "Títí di ìgbà wo?" Àlejò tí a bẹ̀ wá parí ìjà yẹ kí ó mọ ọjọ́ tí yóò padà sí ilé rẹ̀ kí ó tó jókòó.

Èkejì, kí a tó dá ẹni tí ó pe àlejò lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a bi àwọn onílé léèrè ìdí tí ilé fi ń jó fún ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọn kò fi pa iná náà. Aláàfin lè sọ òtítọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìbàdàn lè ká àwọn ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ kúrò kí Fábùnmi tó yọ idà. Ìjẹ̀bú lè ṣí ọ̀nà. Àwọn oníṣòwò Èkó lè fi ìyànjú ránṣẹ́ bí wọ́n ti ń fi ìbọn ránṣẹ́. Àgbà kì í wà ní ọjà kí orí ọmọ titun wọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjà yìí, àwọn àgbà wà níbẹ̀, olúkúlùkù wọn sì ń ná ohun tirẹ̀. Johnson kò ta ilẹ̀. Ó rí i pé ilẹ̀ ń tú, ó sì ké sí ẹni tí ó lè gbọ́.

Ẹ̀kẹta, ìpè fún ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Láti ìgbà náà títí di òní, ní orílẹ̀-èdè tí ogun bá ti bà jẹ́, àwọn olórí ẹ̀sìn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ké sí àwọn orílẹ̀-èdè ayé pé kí wọ́n wá wò ó, nítorí àwọn ni wọ́n ń sin òkú, àwọn ni wọ́n sì ń gba ọmọ òrukàn sí ilé. Ìgbe wọn dára. Ṣùgbọ́n ìtàn tiwa kọ́ wa ní ohun tí ó yẹ kí a máa fi tẹ̀lé irú ìgbe bẹ́ẹ̀. Kí àwọn tí ó mọ ilẹ̀ ni ó máa rin láàrín àwọn tí ń jà. Kí ọ̀rọ̀ àdéhùn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí onílé lè pè ní tirẹ̀. Kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń bọ̀ wá là wá bóyá òun náà kọ́ ni ó ń ta ìbọn. Kí a sì mọ ọjọ́ tí yóò lọ.

ÌKÁDÌÍ

A fi Johnson jẹ àlùfáà ní kíkún ní ọdún 1888, Ọ̀yọ́ ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Phillips di Bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́ ní ọdún 1893, nígbà kan náà pẹ̀lú Isaac Olúwọlé. Johnson fi ọdún púpọ̀ ṣa ìtàn Yorùbá jọ láti ẹnu àwọn àgbà, ó sì parí ìwé náà ní ọdún 1897. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ sọnù ní ìlú òyìnbó. Ó kú ní ọdún 1901 láì rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn ìwé tí ó kù, ó sì jáde ní ọdún 1921. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tí mo sọ yìí ni à bá má mọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá tún ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ogun Kírìjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu dún bí ìbọn. Ọmọdé ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kí agogo tó lù, ẹ sọ ti ọkùnrin tí ó ti Ọ̀yọ́ lọ sí Èkó pẹ̀lú ìwé nínú àpò fún wọn, àti ti àwọn méjì tí wọ́n rìn láàrín òkè méjì. Ẹ̀yin ọmọ, kò sí ẹni tí ó mọ irú iṣẹ́ tí a ó fi kálámù rẹ rán ọ ní ọjọ́ kan. Kọ́ bí a ti ń kọ ìwé tí ó mọ́, kọ́ bí a ti ń pa àṣírí mọ́, kí o sì máa wí ohun kan náà ní òkè kìíní àti ní òkè kejì. Olúwa wa ti sọ nínú ìwàásù rẹ̀ lórí òkè orúkọ tí a ó máa pe irú àwọn bẹ́ẹ̀.